Àdùkẹ́, kí bàbá ẹ má gbọ́ ọ níta

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo pè ẹ́ títí lọ́jọ́ Jímọ̀, o ò gbé e. Èyí tí mo tẹ̀ ránṣẹ́ lánàá, àmì ẹ̀ ti di búlúù, ìyẹn ni pé o ti kà á, o kàn mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Owó tí mo fi sí OPay ẹ náà wọlé, ẹnu ẹ ò gba “ẹ ṣé, Mọ́mì”? Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí fóònù rèé. Níbi àsàlátù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ìyá Kàmórù dìde láàárín gbogbo àwọn ìyá, ó ní ọmọ òun tí ẹ jọ wà nílé ìwé sọ pé Deborah ni wọ́n ń pè ẹ́ ní họ́sítẹ̀lì, pé o ti wọ kúáyà, pé ìwọ gan-an lo máa ń lé orin. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ tèmi kẹ̀, tí ohùn ẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tí òjò ń pa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ti dàrú. Kí bàbá ẹ má gbọ́ ọ níta, ìyẹn ṣáá ni mo ń sọ nínú ara mi títí mo fi délé.

Kí n tó gbàgbé, ìyàwó Lukman ẹ̀gbọ́n ẹ ti bí, obìnrin ni, wọ́n ti kó o jáde. Tiransfọ́mà àdúgbò ti jó, gbogbo ẹja inú fíríìsà la sè tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Orúnkún bàbá ẹ ti ń san, wọ́n ti ń forí kanlẹ̀ kírun padà.

Mo mọ ohun tó o máa sọ, wàá ní ìwọ kọ́ lo gbé ara ẹ lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yan iṣẹ́ lódì ní Fẹ́búárì 2022, Ọ́kítóbà ni wọ́n tó wọlé, Lukman ń sùn ó ń jí nínú ilé yìí, ó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tí bàbá ẹ fi ní àbígbẹ̀yìn àwọn ò ní dé ti ìjọba, tí wọ́n ta ilẹ̀ ọ̀nà Ìbàdàn. Àwọn náà ló fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ilé ìwé ìjọ tẹ́ ẹ wà yẹn, tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé dandan ni chapel fún gbogbo ọmọ, Mùsùlùmí o, Kìrìsìtẹ́nì o. Wọn ò ka ìwé yẹn, owó ni wọ́n ń kà. Ẹjọ́ híjáàbù tí kóòtù gíga Ọ̀ṣun dá ní June 2016, pé kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè máa wọ̀ ọ́ lọ kíláàsì, ilé ìwé ìjọba ló wà fún, kò kan ibi tẹ́ ẹ wà. O ṣì wà ní pírámárì nígbà yẹn, tí àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan ní Ìwó níbí wọ aṣọ kúáyà lọ kíláàsì torí inú tó ń bí wọn sí ẹjọ́ yẹn, o bi mí pé Mọ́mì, ṣé Kérésì ti dé ni. Mi ò rí nǹkan sọ.

Lọ chapel, jàre. Jókòó, gbọ́ wáàsù, kí o jáde. Lukman tún ní o máa ń fún ẹnì kan lówó kó bá ẹ lu káàdì lẹ́nu ọ̀nà chapel kó o lè máa sùn. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì, kúáyà ni àbí oorun? Tó bá jẹ́ òótọ́, inú owó oúnjẹ lo ti ń yọ ọ́, ìyẹn ni eegun ọrùn ẹ fi yọ síta nínú fọ́tò yẹn. Jẹun, Àdùkẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́ pé Abíọ́lá lọ Baptist Boys ní Abẹ́òkúta, òun àti Ọbásanjọ́, síbẹ̀ Mùsùlùmí ló wọlé, Mùsùlùmí ló jáde, ó tún di Bàbá Àdínnì. Ọkàn wọn balẹ̀ sí ẹ, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Kí wọ́n má gbọ́ ọ níta.

O ti bi mí rí pé kí ló dé tí Dádì Jos, Bùọ̀dá mi, kì í sùn nílé bàámi tí wọ́n bá wálé, tí wọ́n máa ń gba òtẹ́ẹ̀lì. Mo ní torí ẹ̀fọn ni. Kì í ṣe ẹ̀fọn.

Àáfà ni bàámi, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀rù ilé ìwé ìjọ máa ń ba àwọn Mùsùlùmí, wọ́n ní wọ́n á gba ọmọ mọ́ àwọn lọ́wọ́, ó wà lára ohun tó mú kí àwọn Ansar-ud-Deen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1923, tí wọ́n ń dá ilé ìwé tiwọn sílẹ̀. Ti Báptísì ló sún mọ́ wa, ibẹ̀ ni Bùọ̀dá mi lọ. Tíṣà kọ Samuel síwájú orúkọ wọn nínú rẹ́jísítà, bàámi ní kò burú, orúkọ ìwé ni. Ó tó ọdún mélòó kan, mo rí ìwé orin tí Bùọ̀dá mi ká sínú ẹní, ẹní tí wọ́n fi ń kírun gan-an. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n ra dùndú tí wọn ò fún mi, mo gbé ẹní náà, mo tú u síwájú bàámi, mo ní ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń kà lálẹ́. Mo rò pé wọ́n á kàn nà wọ́n ni. Kí wọ́n tó kírun ìṣáì, àpótí Bùọ̀dá mi ti wà níta.

Nígbà tí bàámi kú, ọjọ́ kan náà la sin wọ́n, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Fídáù ọjọ́ kẹjọ ni Bùọ̀dá mi tó dé, wọ́n gbé báàgì dání lẹ́nu géètì, wọ́n ń bi mí bóyá àwọn lè wọlé. Èmi ni wọ́n ń bi! Títí dòní, wọ́n rò pé màámi ló sọ. Màámi sì kú láìsọ pé àwọn kọ́.

Mo fẹ́ kó o máa kírun, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Tó o bá ti gba ìtẹ̀bọmi, màá sunkún, màá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ, má dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn, sáà máa gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Mo mọ ìgbà tí wọ́n ń bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀, mo mọ ẹni tí mo máa bẹ̀ kó bá mi lọ bá wọn. Tó bá wá jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ kàn ń fi Deborah bá ẹ ṣeré ni, sọ fún mi kíá, kí n lè gba ẹnu Ìyá Kàmórù ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀.

Bàbá ẹ kì í tètè dé láti ìṣáì. Pè mí nígbà yẹn. Tó ò bá ní káàdì, fìláàṣì mi, màá pè ẹ́ padà.

Mọ́mì ẹ.