Ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Mérì Àjàṣẹ́ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́

Sí Mérì, alákòóso ìlú, àti gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe káàkiri Àjàṣẹ́ ló kọ ìwé yìí.

Kẹ̀kẹ́ pọ̀ nínú ilé ju ojú títì lọ. Àwọn tó ń gbé e wá fún wa kì í sọ pé ó ti sú àwọn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Lójú ọ̀nà Ouando, ọkọ̀ akẹ́rù àti zemidjan (ọ̀kadà) ń fún wọn pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ìyá wo ló máa fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kó wa kẹ̀kẹ́ lọ síléèwé níbẹ̀?

A dúpẹ́ fún àwọn ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ òkúta pavé sí; ẹrẹ̀ ti dín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó bá tẹ́jú, ṣe ni ọkọ̀ ń sáré sí i lórí rẹ̀. Orí kòtò àgbàrá nìkan ló kù fún ẹlẹ́sẹ̀, bí ìdérí rẹ̀ bá sì ti fọ́, arúgbó àti aláboyún á bọ́ sáàárín ọkọ̀. Oòrùn ọ̀sán ńkọ́? Ẹni tí kò rí ibòji kankan lọ́nà á wá zemidjan, bí ibi tó ń lọ tiẹ̀ súnmọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àwọn ìdérí yẹn ṣe kíákíá, ẹ sì gbin igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ fi òkúta gíga ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀, nítorí ọ̀dà funfun kò lè dá ọkọ̀ dúró. Ní ẹ̀bá iléèwé àti ọjà, ẹ jẹ́ kí eré má ju 30 kìlómítà ní wákàtí lọ. Bí ọkọ̀ tó ń sá 50 bá tẹ búrékì, ilẹ̀ tó máa jẹ kó tó dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èyí tó ń sá 30. Láti ọdún 2021 ni ìlú Paris ti fi 30 ṣe òfin ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpópónà rẹ̀.

Bí owó kò bá tíì sí, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ti ń ti títì mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti ọdún 1974, kí aráàlú lè rìn, kí wọ́n sì wa kẹ̀kẹ́. Ẹ bá wa ti ọ̀nà kan péré láàárín ìlú àtijọ́, lágbègbè Honmè, ààfin àwọn ọba àtijọ́. Àwa á wà níbẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ wa, a ó sì yẹ búrékì àti táyà kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ iléèwé wò lọ́fẹ̀ẹ́.

A tún bẹ̀ yín kí ẹ rán àwọn tó ń yàwòrán ọ̀nà wá bá wa rìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. A mọ gbogbo ibi tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti ń ṣubú.

Àwa ni,
Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Àjàṣẹ́