Kí páílọ́ọ̀tì ní òun ti rí i, ìyẹn nìkan ò tó

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàm̀bá Washington ti January 29, 2025 yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi, èyí tí hẹlikópítà ológun àti bàálù American Airlines kọlura lókè odò Potomac tí èèyàn 67 bá a lọ. Kọntiróólà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń darí àwọn bàálù látilẹ̀, bi àwọn ti hẹlikópítà pé ṣé ẹ rí bàálù yẹn, wọ́n ní àwọn rí i, àwọn á máa fojú ṣọ́ ọ, ó sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni o, iná ìlú ń tàn yanranyanran, ta ló mọ̀ bóyá bàálù míì ni wọ́n ń wò? Bẹ́ẹ̀ náà ni San Diego, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1978, àwọn páílọ́ọ̀tì bàálù ńlá kan rí Cessna, ìyẹn bàálù kékeré kan, ó tún sọnù mọ́ wọn lójú, wọn ò wá sọ ọ́ kó yé kọntiróólà, ni bàálù méjèèjì bá kọlura, èèyàn 144 ló kú. Mi ò ní kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru páílọ́ọ̀tì o, kọntiróólà tí rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí bàálù wà hàn, wà níwájú ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wò ó lọ ni, kó sì tètè pariwo tí wọ́n bá ti ń súnmọ́ra jù. Páílọ́ọ̀tì náà, tí ò bá rí i mọ́, kó sọ ọ́ kíákíá, kì í ṣe ohun ìtìjú rárá.

Èmi òǹkàwé yín, Ìbàdàn