Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní São Paulo: ọ̀nà òfurufú láti Ìkẹjà dé Guarulhos

Ìkẹjà, Èkó

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ìṣirò tí o fi ránṣẹ́, nípa bí ọ̀nà òfurufú ṣe jìn tó láti Èkó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kìlómítà 5,633 tí o rí kéré jù, ohun tó sì fà á kò fara sin: o gbàgbé pé gúúsù ìlà agbedeméjì ayé ni São Paulo wà.

Jẹ́ ká tún un ṣe. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà ní 6°34′39″ àríwá, 3°19′16″ ìlà-oòrùn. Guarulhos, pápákọ̀ òfurufú ti ọ̀dọ̀ yín, wà ní 23°26′08″ gúúsù, 46°28′23″ ìwọ̀-oòrùn. GRU, àmì ìdánimọ̀ Guarulhos, ni kó o wá o, má lọ mú pápákọ̀ Congonhas, CGH, tóun náà wà ní São Paulo. Fi 60 pín ìṣẹ́jú (′), fi 3,600 pín ìṣẹ́jú-àáyá (″), kó o ro gbogbo rẹ̀ mọ́ dígíríì: 6°34′39″ á di 6.5775. Ẹni tó bá sáré kọ 6.34 ti gbé pápákọ̀ Ìkẹjà lọ sínú òkun nìyẹn, kìlómítà 26 síhà gúúsù.

Àmì ló ṣe pàtàkì jù. Gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn gbọ́dọ̀ gba àmì àyọkúrò: −23.4356, −46.4731. Torí náà, àlàfo ìlà òòró méjèèjì (ìwọ̀n ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn) jẹ́ 3.3211 + 46.4731, ìyẹn 49.7942. Tó o bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì láìwo àmì, 5,752 ni wàá rí, irọ́ sì nìyẹn náà.

Wá tẹ èyí sínú ẹ̀rọ ìṣirò:

sin(6.5775) × sin(−23.4356) + cos(6.5775) × cos(−23.4356) × cos(49.7942)

Apá kìíní á fún ọ ní −0.0456, apá kejì 0.5884; àpapọ̀ wọn 0.5428. Tẹ cos⁻¹, wàá rí 57.12. Dígíríì kan lójú ayé jẹ́ kìlómítà 111.2, torí náà 6,352 ni ìdáhùn. DEG (dígíríì) ni kó wà lójú ẹ̀rọ náà, kì í ṣe RAD (rédíánì, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà wọn igun). Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀, RAD ló mọ̀. Fi àṣẹ RADIANS tó wà nínú rẹ̀ yí dígíríì kọ̀ọ̀kan padà kó o tó fún un. Ayé ò sì rí roboto tán, má torí kìlómítà mẹ́wàá tàbí ogún bá ẹnikẹ́ni jà.

Tó o bá fẹ́ fojú rí i, wá bọ́ọ̀lù ayé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Na òwú ìránṣọ láti Èkó dé São Paulo, fà á kó le dáadáa, kó o gbé e sórí rúlà. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 15 géérégé. Má lo máàpù pẹlẹbẹ, torí ó ti na ayé kọjá bó ṣe rí.

Bàálù tó bá fò tààrà ní 900 kìlómítà ní wákàtí kan á lo nǹkan bí wákàtí méje lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ bá gba Addis Ababa, abala kọ̀ọ̀kan ni kó o ṣírò lọ́tọ̀: nǹkan bí 3,900 láti Èkó dé ibẹ̀, nǹkan bí 9,900 láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó ju ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà lọ. Ìyẹn ni kó o fi díwọ̀n wákàtí tó o máa lò nínú ọkọ̀, kì í ṣe 6,352.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́