Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ̀yin Ọkùnrin Ìjọ, Àdúrà Ilé Dọwọ́ Yín

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, àlàáfíà Olúwa kó wà pẹ̀lú gbogbo yín.

A ti wọ oṣù kẹwàá, oṣù Rósárì, àdúrà sí Màríà tí a máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni a ó ti máa pé jọ síwájú ère Ìyá wa gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún, mo sì ti mọ àwọn tí mo máa bá níbẹ̀: àwọn ìyá, àwọn ọmọdé tí ń gbé àbẹ́là, àwọn ọ̀dọ́bìnrin akọrin. Àwọn ọkùnrin kì í pọ̀. Òmíràn á jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ọgbà, á máa dúró de ìyàwó rẹ̀ títí a ó fi parí. Nítorí náà, ẹ̀yin ọkùnrin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin àpọ́n, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá tí ẹ ń dá gbé. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú. Bí bàbá kò bá ka ìwé yìí, ẹ bá mi kà á sí i létí.

Mi ò sọ pé ẹ kò ṣe fún ìjọ. Nígbà ìkórè, ẹ̀yin lẹ máa ń ná owó gọbọi. Nígbà tí òrùlé ń jò, ẹ̀yin lẹ ra páànù. Ọlọ́run á san án fún yín, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bàbá tó dá owó sí òrùlé ilé Ọlọ́run, ó yẹ kó máa gbàdúrà lábẹ́ òrùlé ilé tirẹ̀ náà. Ìgbàgbọ́ ilé yín, ojoojúmọ́ ni ó ń fẹ́ ìtọ́jú, ọwọ́ yín sì ni Ọlọ́run fi í sí. Mísà ọjọ́ Ìsinmi kò lè rọ́pò rẹ̀. Èmi Fádà yín kò lè bá yín ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe dé Èkó. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà, tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n sì padà wálé, àwọn ló gbé e dé Pópó Àgùdà. Kò sí Fádà kankan láàrin wọn. Ọkùnrin kan ni wọ́n ní, ẹrú tó ti di òmìnira, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Pa Antonio. Kò gba oyè àlùfáà. Òun ló ń kó wọn jọ fún àdúrà, òun ló ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn, òun ló ń gbàdúrà nígbà tí ẹnìkan bá kú láàrin wọn. Wọ́n kọ́ ilé àdúrà kékeré kan. Nígbà tí Fádà Francesco Borghero, ọmọ ẹgbẹ́ míṣọ́nárì tí a ń pè ní SMA, tó fi Ouidah ní ilẹ̀ Benin òde òní ṣe ibùjókòó, wá bẹ Èkó wò ní 1863, ó bá ìjọ nílẹ̀. Ìjọ tó ti ń gbàdúrà ló bá. Ó sì di 1868 kí Fádà tó wá fi Èkó ṣe ibùgbé.

Ẹ fara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ Pa Antonio yìí. Kò lè ṣe Mísà. Kò lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ní lọ́wọ́ ni àdúrà tó mọ̀ lórí, àti ẹnu tó fi ń gbà á, àti pé kò jẹ́ kó sú òun. Nǹkan wọ̀nyí náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin tó wà nínú ìjọ yìí. Ó máa ń dùn mí pé a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn àwọn Fádà òyìnbó tó wá, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ẹni tí wọ́n bá nílẹ̀.

Ẹ ó wá bi mí pé, kí ni ká wá máa ṣe? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Kí ọwọ́ tó kan fóònù, ẹ fi ọwọ́ náà ṣe àmì àgbélébùú, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, láti iwájú orí dé àyà, láti èjìká dé èjìká. Ní orúkọ Bàbá, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Lẹ́yìn náà, Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run, ẹyọ kan. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń jáde nílé ní aago 4:30 kí wọ́n má bàa há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìṣẹ́jú kan yẹn wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàápàá wúlò. Rósárì olóhun ìjìnlẹ̀ márùn-ún, ìyẹn ìṣẹ̀lẹ̀ márùn-ún nínú ayé Jésù àti ìyá rẹ̀ tí a ń ronú lé, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tí ń gba Third Mainland Bridge lọ sí Island láàárọ̀ mọ̀ pé ó lè parí rẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí afárá. Ọjọ́ Ajé àti Sátidé, Ohun Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀. Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ti Ìbànújẹ́. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ìsinmi, ti Ògo. Ọjọ́bọ̀, ti Ìmọ́lẹ̀, èyí tí Póòpù John Paul Kejì fi kún un ní 2002. Ẹni tí márùn-ún bá pọ̀ jù fún, kó gba ẹyọ kan. Mo kí ọ Màríà mẹ́wàá ni, Ọlọ́run sì ti fún un ní ìka mẹ́wàá tó lè fi kà á bí ìlẹ̀kẹ̀ kò bá sí lápò.

Tó bá di ọ̀sán, aago 12, ẹ dúró kí ẹ gba Angelus, àdúrà tí a fi ń rántí ìgbà tí áńgẹ́lì jíṣẹ́ fún Màríà. A máa ń gbà á ní aago 6 àárọ̀, aago 12 ọ̀sán, aago 6 ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀sán ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí àárín iṣẹ́ ló máa ń bá wa. Ẹ wo àwọn ará wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Bí àkókò ìrun bá tó, mẹkáníìkì á fi spánà sílẹ̀, á ṣe àlùwàlá, á kírun lójú gbogbo oníbàárà. Ojú kì í tì í. Kí ló dé tí Kátólíìkì ń fi ọwọ́ bo àmì àgbélébùú rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ jẹun ní búkà?

Mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan. Ọkùnrin fẹ́ràn ìlérí ńlá. Lẹ́yìn ìsinmi ẹ̀mí tàbí ìṣọ́ òru, á sọ pé òun á máa ka orí Bíbélì mẹ́wàá lójúmọ́, òun á máa lọ sí Mísà lójoojúmọ́, òun á máa gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kò ní tó oṣù kan, gbogbo rẹ̀ á ti tú, ìtìjú á sì mú un débi pé àdúrà kékeré tó ń gbà tẹ́lẹ̀ náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kéré tí ẹ kò ní fi sílẹ̀ ni kí ẹ mú. Olúwa wa sọ nínú Ìhìnrere Lúùkù pé kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé òun gbé àgbélébùú rẹ̀ lójoojúmọ́. Òun náà ló kọ́ wa ká tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Kò ní ká tọrọ ti oṣù.

Ọkùnrin kan wà ní Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland, tó ń jẹ́ Matt Talbot. Wọ́n bí i ní 1856 sínú ilé tálákà. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olówò ọtí, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọtí mu. Títí ó fi pé ọmọ ọdún 28, ilé ọtí ni owó iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ jí fáyólìn ọkùnrin aláìní kan tó ń fi ṣeré jẹun, wọ́n tà á, wọ́n fi owó rẹ̀ mutí. Lọ́jọ́ kan ní 1884, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró síwájú ilé ọtí, ó ń retí kí ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń ra ọtí fún pe òun wọlé. Wọ́n kọjá lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó yí padà sílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mutí mọ́.

Oṣù mẹ́ta péré ló kọ́kọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún. Ó rò pé òun kò ní lè parí rẹ̀. Nígbà tó pé, ó tún un jẹ́, ó sì sọ ọ́ di ti gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Báwo ló ṣe ṣe é? Ó ń lọ sí Mísà ní kùtùkùtù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣíwọ́ mímú owó dání tó bá ń jáde, kí ọtí má bàa rí i mú. Ó san gbèsè tó jẹ àwọn ọlọ́tí. Ó wá ọkùnrin onífáyólìn náà káàkiri Dublin kó lè san owó rẹ̀ fún un, kò rí i, ó sì gbé owó náà fún Fádà pé kí wọ́n fi ṣe Mísà fún ẹ̀mí rẹ̀. Kò di Fádà, kò di mọ́ńkì. Iṣẹ́ alágbàṣe, níbi tí wọ́n ti ń kó pákó, ló ṣe títí ara rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kan, 7 June 1925, ó ń lọ sí Mísà, ó ṣubú sójú ọ̀nà, ó sì kú. Ọdún 41 ti kọjá láìfi ẹnu kan ọtí. Ní 1975 ni Póòpù Paul Kẹfà fún un ní orúkọ Ẹni Ọ̀wọ̀, ìgbésẹ̀ kan lójú ọ̀nà pípe èèyàn ní ẹni mímọ́.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàrin wa tí ọtí ń bá jà, tàbí tẹ́tẹ́ orí fóònù, tàbí àwòrán ìhòòhò tí wọ́n ń wò lóru. Ẹ̀yin arákùnrin mi, oṣù mẹ́ta ni Matt Talbot fi bẹ̀rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá pọ̀, ẹ fi òní bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì wá síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ tó máa jẹ́ tuntun létí Fádà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ kò ní jáde títí ayé. Ẹ má jẹ́ kó di Ọjọ́ Ẹtì Rere kí ẹ tó wá. Lóṣooṣù ló dára.

Kí ẹ tó sùn, ẹ yẹ ọjọ́ náà wò. Ignatius Mímọ́ ti Loyola, jagunjagun ará Sípéènì tí ọta ìbọn àgbá fọ́ lẹ́sẹ̀ ní Pamplona ní 1521, ló fi àṣà yìí kọ́ ìjọ dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́. Kí ẹ wá bi ara yín léèrè: báwo ni mo ṣe bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lónìí? Owó iṣẹ́ tí mo jẹ ọmọ iṣẹ́ mi, ṣé mo san án, àbí mo ní kó máa lọ kó máa bọ̀? Ìwé tí mo buwọ́ lù ní ọ́fíìsì, ṣé òtítọ́ ni? Ibi tí ẹ bá ti ṣì í, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ẹ sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó náà, pàápàá tó bá jẹ́ òun lẹ ṣẹ̀. Èyí le fún ọkùnrin Yorùbá, mo mọ̀. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àdúrà ìdílé ló kù, òun ló sì jẹ mí lógún jù. Àwọn ọmọ wa mọ ohùn bàbá nígbà tó bá ń bínú. Wọ́n mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń wo bọ́ọ̀lù. Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀? Ìwé Deuteronómì orí kẹfà pàṣẹ pé ká máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. Ẹ má gbé e lé ìyá wọn nìkan lọ́wọ́. Ẹ kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn, ẹ gbà á sókè, kódà bí ẹ bá ṣi í gbà. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ìjọ mìíràn, tàbí tó jẹ́ Mùsùlùmí, bó ṣe wọ́pọ̀ nínú ẹbí wa, kó má fi ìyẹn ṣe àwáwí, kó má sì sọ ọ́ dìjà. Kó gbàdúrà tirẹ̀ ní ìrọ̀rùn níbi tí àwọn ọmọ ti lè rí i.

Jósẹ́fù Mímọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn Ìhìnrere kọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ó jí, ó sì ṣe gẹ́gẹ́ bí áńgẹ́lì ti wí. Pé ó gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lóru. Pé lọ́dọọdún ni òun àti Màríà ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún Àjọ Ìrékọjá. Póòpù Francis sọ ní Manila ní 2015 pé òun ní ère Jósẹ́fù tó ń sùn lórí tábìlì òun, pé bí ìṣòro bá dé, òun a kọ ọ́ sórí bébà, òun a tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ère náà. Ẹ̀yin tí owó ilé-ìwé àti owó ilé kì í jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ọjọ́ Ajé, aago 6, Ohun Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ ni a ó gbà, àwọn ọkùnrin ni yóò sì ṣáájú nínú márààrún. Mo ti bá olórí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin sọ ọ́. Ẹni tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀, kó gbà á lọ́wọ́ kàtíkísì lẹ́yìn Mísà òní, ọ̀fẹ́ ni. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti aago 4 títí di aago 6. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró nínú ọkọ̀, mo ti ní kí wọ́n to àga sí ẹ̀yìn fún yín.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún yín, Bàbá, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́.

Fádà yín