Ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn ló yẹ kó yan máṣíìnì

Ọ̀gá mi Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àmọ̀ràn tí ẹnì kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá ti gbó, kó má wulẹ̀ wọ̀tún wòsì, kó lọ ra oní-150, ìyẹn ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 150 cc, nítorí àárẹ̀ kì í mú ẹ́ńjìnnì ńlá. Lóòótọ́, àárẹ̀ kì í tètè mú un. Ẹni tó jókòó lé e lórí ńkọ́?

Olóbì ni mí ní Ìpẹru. Obì gbànja ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lábúlé, tí mo ń kó lọ bá àwọn oníṣòwò Hausa ní Sábó, Ṣàgámù. Láti 2004 ni mo ti ń gun Honda CG125 kan. Òun ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta níwèé. Mẹkáníìkì mi máa ń sọ pé ohun tó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti fáàfù rẹ̀ (ìdérí tó ń ṣí tó ń pa fún afẹ́fẹ́ àti èéfín nínú ẹ́ńjìnnì), kò ní ṣéènì nínú ẹ́ńjìnnì tí yóò máa nà kiri. Nígbà tí Honda kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1976, irú àwa tó máa ń gbàgbé láti pààrọ̀ ọ́ìlì ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́dún tó kọjá, ara ẹ́ńjìnnì náà sán. Wọ́n jó o pọ̀, ó tún sán. Mo gba kámú.

Irú rẹ̀ gan-an ni mo kọ́kọ́ wá. Àwòkọ ará Ṣáínà ló kún ọjà. Òmíràn dára, òmíràn á ti máa dún bí agolo kí o tó gbé e délé. Ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bá gbà mí nímọ̀ràn bíi ti alámọ̀ràn yín: oní-150 ni kí n rà. Mo gbọ́ tiwọn. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta àlòkù, ìyẹn àwọn tó wálẹ̀ láti Èkó lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lóṣù kẹfà 2022. Nígbà tí a débẹ̀, máṣíìnì náà ti ń dún. Mo pè é ní ọ̀yàyà. Kò sóhun tó jọ ọ̀yàyà níbẹ̀, ó ti mú ẹ́ńjìnnì gbóná dè mí ni. Máṣíìnì tí ríǹgì rẹ̀, òrùka irin inú ẹ́ńjìnnì, bá ti jẹ, àárọ̀ tí ara rẹ̀ bá tutù ló máa ń tú àṣírí ara rẹ̀: ẹ ó ta á títí ẹsẹ̀ yóò fi ro yín, bó bá sì dáhùn, èéfín tó dà bí aró ni yóò máa tú jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó lọ ní kùtùkùtù, kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ná kó tó kí oní-nǹkan. Èmi kàn bá nọ́ńbà ọrùn máṣíìnì àti ti ẹ́ńjìnnì wé ìwé rẹ̀, wọ́n bára mu. Ìyẹn nìkan ni mo fọgbọ́n ṣe lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, à ń bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ lábúlé, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi. Olóbì kì í ti abúlé bọ̀ lọ́wọ́ òfo, nítorí náà apẹ̀rẹ̀ obì kan wà lórí kárià lẹ́yìn rẹ̀. Òjò ti rọ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà ká tó dé títì, ilẹ̀ pupa ni, tó bá ti mu omi, ọṣẹ lásán ni. Mo dín iná kù, mo ní kí n fẹsẹ̀ kan tilẹ̀. Ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀. Oní-150 yẹn ga, èmi ò ga. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ń wá ilẹ̀ bí ẹni ń wá bàtà nínú òkùnkùn. Máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sápá òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, débi pé mo ráyè pariwo pé, "Dì mí mú!", ìyàwó mi náà sì ráyè dáhùn pé, "Kí n dì yín mú ká lè jọ ṣubú?"

A jọ ṣubú. Obì fọ́n ká sínú ẹrẹ̀, àwọn funfun inú rẹ̀ ń wò wá láti inú omi pupa. Etí ìró ìyàwó mi ti wọ ṣéènì, ó ti wé mọ́ irin eléyín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ́ìlì ti kùn ún dúdú. Ọ̀bẹ tí mo fi ń la obì wò la fi gé e. Aṣọ ẹgbẹ́ ni o, a ò tíì san owó rẹ̀ tán.

Nígbà tí mẹkáníìkì wò ó lọ́jọ́ kejì, ó kàn fi ìka méjì fa ṣéènì sẹ́yìn níbi tó ti yí irin eléyín ká. Ó gbéra sókè débi pé a rí ìdajì eyín. Ó ní, "Bàbá, ṣéènì yìí ti kú kí ẹ tó rà á."

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti sọ pé òun ni yóò yan èyí tó kàn. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá wa lówó, a dé ibi tí wọ́n ti ń ta tuntun ní Ṣàgámù, ọmọkùnrin tó ń tajà ń ka agbára ẹ́ńjìnnì fún mi, ìyàwó mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ń gun ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ òun máa wà, ibi tí ìró máa gbà. Ó dúró nídìí oní-100 kan tí wọ́n ṣe ní Íńdíà: ìbòrí ṣéènì rẹ̀ gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, irin kan sì bo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ló yé mi. Àwọn ará Íńdíà máa ń gbé obìnrin tó wọ sárì sẹ́yìn máṣíìnì, wọ́n ti bá wa ronú nípa ìró. Irin yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà wa ń tú dànù, wọ́n ní kò jẹ́ kó gbáfẹ́. Mo jókòó lé e, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀ gbagidi.

Ẹ ó ní oní-100 ò lè gbé obì gun òkè. Mẹkáníìkì fi irin tí eyín rẹ̀ pọ̀ jù rọ́pò ti ẹ̀yìn, agbára pọ̀ sí i, eré dín kù. Ta ni mò ń bá sáré? Epo bẹntiróòlù tó kúrò ní bíi náírà 190 lóṣù karùn-ún 2023, tó sì fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò jẹ́ kí n pàdánù oorun nítorí eré. Nígbà tó rin kìlómítà 500, a da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, eérú irin ń dán nínú rẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mi ò ní oní-150 ò dára. Ẹni tó ga, tó ń ti Ṣàgámù lọ Ìjẹ̀bú-Òde lójoojúmọ́, kó rà á. Ṣùgbọ́n kí alámọ̀ràn yín má fi gbogbo wa sójú kan.

Sátidé tó kọjá ni mo ta oní-150 tèmi fún ọmọ kan ládùúgbò. Mo ka gbogbo àìsàn rẹ̀ fún un, ríǹgì, ṣéènì, èéfín, mo tilẹ̀ fi ìró tí a gé hàn án. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti kà á nínú ìwé ìròyìn yín pé àárẹ̀ kì í mú ẹ́ńjìnnì ńlá.

Èmi ni,
Bàbá Olóbì,
Ìpẹru-Rẹ́mọ.