Iná títì tó ń dún ni kí wọ́n ṣe fún wa

Sí Olóòtú,

Ojú nìkan ni iná tó ń darí ọkọ̀ ní Wuse àti Garki ní Àbújá ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ríran ńkọ́? Etí ló fi ń wá ọ̀nà, fèrè ọkọ̀ sì ti gba gbogbo etí. Á dúró títí ẹnì kan yóò fi fà á lọ́wọ́ sọdá.

Láti 1967 ni wọ́n ti ń tẹ́ òkúta tó ní kókó lójú sí etí títì ní Japan, kí ẹsẹ̀ àti ọ̀pá funfun lè mọ ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Iná tó ń dún nígbà tí ọkọ̀ bá dúró náà wà. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019 dárúkọ ibi ìsọdá títì àti àwọn tí kò ríran ní pàtó. Ọdún márùn-ún tó fi sílẹ̀ fún àtúnṣe ti pé láti 2024.

Kí àwọn aláṣẹ Àbújá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ọjà Wuse. Kí wọ́n kó ọjà kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú (àwa Yorùbá tó ń pàtẹ níbẹ̀ náà ò gbẹ́yìn), kí wọ́n sì dé gbogbo gọ́tà tó la ẹnu sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Kubwa, Àbújá