Lẹ́tà sí Didi, àgbà agbábọ́ọ̀lù tí kì í kánjú

Bàbá wa Didi,

Mo kí yín o. Waldyr Pereira ni orúkọ tí wọ́n sọ yín nígbà tí wọ́n bí yín ní Campos, ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, lọ́dún 1928, ṣùgbọ́n Didi ni gbogbo ayé mọ̀ yín sí, òun náà ni n ó sì máa pè yín. Láti ọdún 2001 lẹ ti papò dà. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni pé nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1958 bá ṣẹlẹ̀, Pelé tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 àti Garrincha ni àwọn èèyàn máa ń kì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin gan-an ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó mókè jù lọ nínú ìdíje náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Solna ní Sweden, lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún náà. Àṣekágbá kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ nígbà tí Liedholm ti gbá góòlù wọlé fún Sweden níwájú àwọn èrò ilé wọn. Ẹ̀rù ba àwọn ará Brazil, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wọn wí, nítorí ní 1950 Uruguay ti já ife gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Maracanã, ní 1954 ẹ̀wẹ̀ Hungary fi àmì ayò mẹ́rin sí méjì lé wọn kúrò nínú ìdíje ní Bern, ẹ̀yin pàápàá sì wà lórí pápá lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ ẹ gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ apá, ẹ ń rọra bọ̀ wá sí àárín pápá bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀. Wọ́n ní Zagallo, ẹlẹgbẹ́ yín, sáré pàdé yín pé kí ẹ yára, ẹ sì ní kó fọkàn balẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí Vavá fi dá góòlù náà padà. Márùn-ún sí méjì ló parí sí. Ní tèmi, ìrìn yẹn ju góòlù márààrún lọ.

Ọ̀lẹ ni àwọn kan ń pe ìfarabalẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ìdánrawò ni ìdánrawò, ìdíje ni ìdíje, àwọn oníròyìn kò sì dárí rẹ̀ jì yín. Kí ẹ tó lọ sí Sweden, wọ́n ń kùn pé ẹ ti dàgbà jù, ní ọmọ ọdún 29! Wọ́n ti gbàgbé ẹni tó ra ìwé ìrìnnà fún wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1957, lẹ́yìn tí Brazil àti Peru ta ọ̀mì ní Lima, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ gbá ní Maracanã ló gbé Brazil kọjá lọ sí ìdíje ti Sweden. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ gbá a, ó gòkè kọjá orí àwọn tó tò lódì, ó dà bíi pé yóò fò kọjá òpó, àfi bó ṣe yí bìrí lójú afẹ́fẹ́ tó sì já wálẹ̀ lójijì. Folha seca, ewé gbígbẹ, ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ló kọ́ yín ní ọgbọ́n náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà ni ẹsẹ̀ tí àwọn dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ gé nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọdún 14, nítorí egbò orúnkún tó kẹ̀.

(Ẹ̀yin àti ìrìn ṣáá! Ní oṣù kejìlá ọdún 1957 kan náà, nígbà tí Botafogo, ẹgbẹ́ yín, fi mẹ́fà sí méjì na Fluminense tí ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ san ẹ̀jẹ́ yín: ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Maracanã dé ilé, tẹ̀wù tẹ̀wù bọ́ọ̀lù.)

Ti ẹgbẹ́ Real Madrid kò gùn. Ọdún 1959 lẹ débẹ̀, sáà kan péré lẹ lò. Di Stéfano, ìràwọ̀ wọn, ló ni àgbàlá yẹn, òun sì ni ẹni tó ń sáré káàkiri pápá tó sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa sáré bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sí Botafogo, ẹ sì tún gba ife àgbáyé kejì ní Chile ní 1962.

Peru tí ẹ já kulẹ̀ ní 1957 ló wá fi yín ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ kó wọn dé Buenos Aires ní 1969, wọ́n ta ọ̀mì méjì sí méjì, Argentina kò sì rí Mẹ́síkò lọ fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1970. Ọjọ́ méjì kí àwọn ọmọ yín tó kọ́kọ́ wọ pápá ní León, ní Mẹ́síkò, ni ilẹ̀ ríri pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nílé wọn ní Peru. Bulgaria gbá méjì wọlé. Lẹ́yìn ìsinmi, Gallardo, Chumpitaz àti Cubillas gbá mẹ́ta. Kí lẹ bá wọn sọ nínú yàrá ìmúra, Bàbá? Mo fura pé ẹ kò pariwo.

Ní Guadalajara, Brazil lẹ bá pàdé, Zagallo sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Mẹ́rin sí méjì ni wọ́n na yín. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ó yẹ kí ẹ ti kó gbogbo àwọn ọmọ yín sẹ́yìn láti sé ọ̀nà. N kò gbà. Ẹ dojú bọ́ọ̀lù kọ Brazil, Gallardo àti Cubillas sì rí àwọ̀n wọn; nínú gbogbo ìdíje náà, yàtọ̀ sí Romania, ẹgbẹ́ mìíràn kò gbá ju góòlù kan lọ sílé Brazil.

Èmi ni,
Olùfẹ́ bọ́ọ̀lù yín kan.